Kí Ni Ìyàwó Ilé Ń Pè Ọ́?

Ohùn mi ló pè é. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi: ohùn èmi Mobọ́lá gan-an ni, kì í ṣe ohùn tó jọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ èmi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, búrẹ́dì àti ẹ̀wà kún ẹnu mi, mi ò tíì gbé e mì. Láti yàrá inú níbi tí kọ̀ǹpútà wà ni mo ti gbọ́ ara mi tí mò ń pe àbúrò ọkọ mi.

"Ṣùbòmí."

Iṣẹ́ ti gba ọkàn rẹ̀, kò fura. Ó dáhùn. "Ẹẹ́n, ìyàwó wa, mò ń bọ̀."

Ọ̀sán gangan ọjọ́ Jímọ̀ ni, oòrùn wà láàrin orí, àwọn tó ń kírun ti lọ, títì Yábà sì parọ́rọ́. Nígbà tó jáde sí mi, ó wo ẹnu mi tó kún, ó bojú wẹ̀yìn wo yàrá tó ti jáde, ó wá la ẹnu láti bi mí léèrè. Kò sí ohun tó jáde. Ó tún un là. Ètè rẹ̀ ń mì, gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Kì í ṣe ohùn yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Orúkọ tó pè ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi wẹ ẹsẹ̀ mi wọ ilé Ọláníyì ọkọ mi ní Surulérè, mi ò pe ọmọkùnrin yẹn lórúkọ rí. Kódà bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ fún yín yìí, ara mi ò gbà á. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ìkókó ló bá nílé. Orúkọ tí a bá fún wọn fúnra wa la fi ń pè wọ́n. Ìyá ọkọ mi, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, ló tẹnu mọ́ ọn fún mi: "Ẹni tó bá pe ọmọ mi lórúkọ nínú ilé yìí tó lóun ni ìyàwó wa, irọ́ ló ń pa." Màmá ti sùn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Níwájú oníbàárà, Akọ̀wé ni mo ń pè é, bí ènìyàn ṣe ń pe ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ ìwé. Tinú ilé yàtọ̀, mi ò sì ní sọ ọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Ọdún 1999 ni. Ẹni tó bá ní ọmọ lókè òkun nígbà náà, kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Akọ̀wé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, mọ bí ohùn ṣe lè gba inú íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá, ìyẹn la sì ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ tiwa wà ní Yábà, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ṣítù wà ní Mùṣín, ti Solomon wà nítòsí Costain. Ojúgbà ni àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ọ̀gá láàrin wọn. Èyí á pe ìyẹn tààrà. Olúkúlùkù ló sì ń kọ òfin sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, bó ṣe fẹ́ kó máa ṣe ìpè tó bá wọlé. Ṣítù kọ ọ́ pé bó bá di ọ̀sán Jímọ̀, kí ìpè òun máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, torí òun á ti lọ kírun. Solomon kọ ọ́ pé bí ìyá ìyàwó òun bá pè, kí ẹ̀rọ sọ pé òun ti jáde.

Akọ̀wé ní tirẹ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ pé a kì í fi àlejò sílẹ̀ síta, kọ òfin kan tí àwọn yòókù náà gbà: ìpè tí kò bá ní olúwa, ẹ má pa á, ẹ gbé e fún ojúgbà yín, bóyá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Ìwà ọmọlúàbí ni lójú wa. A ò rò ó pé nǹkan kan lè wọlé tí kò wá ẹnikẹ́ni wá, tí á máa yí po láti Yábà dé Mùṣín dé Costain, tí á máa gbọ́ ohùn wa, tí á sì máa kọ́ ọ.

Lateefah aránṣọ tó wà lódìkejì títì ló kọ́kọ́ kàn. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó jẹ́. Látìgbà náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. A ní òtútù ló mú un lọ́fun, èmi náà gbé oyin lọ fún un. Àṣé ohùn nìkan kọ́ ló lọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní dókítà gbé ohun tó fi ń gbọ́ àyà lé e láyà, ó sún un síhìn-ín, ó sún un sọ́hùn-ún, ló bá gbé e lé àyà ara rẹ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tí Akọ̀wé dákẹ́, ife tánńganran kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ́ sórí simẹ́ńtì níwájú mi. Mo rí i. Mi ò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Màá kàn gbójú sókè ni, màá rí i pé ó ti dúró tì mí. Ọláníyì dé láti ibi iṣẹ́ ní Iganmu, ó di àbúrò rẹ̀ mú, ó gbé etí lé e láyà, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí gbogbo ìró bá tán lára ènìyàn, kí ló kù? A ò fẹnu bi ara wa ní ìbéèrè yẹn, ṣùgbọ́n ojú wa ń béèrè.

Ibi tí a jókòó sí náà ni Ṣítù bá wa, ó ti Mùṣín wá, òógùn bò ó.

"Àǹtí Mobọ́lá, Ṣùbòmí ńkọ́?"

"Òun lo ń wò yìí."

Ó wò ó, ó rọra fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Ó pè mí nísinsìnyí ni. Ohùn rẹ̀ ni. Ó ní, 'Ṣítù.' Ṣítù gbẹrẹfu báyẹn. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Inú bí mi, mo ní ta ló ń rí mi fín báyìí, mi ò bá a sọ̀rọ̀."

"Ìbínú rẹ ló gbà ọ́," mo ní.

Akọ̀wé fa pátákó ìtẹ̀wé mọ́ra, ó tẹ̀ ẹ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: Ẹ jẹ́ kí n gé wáyà.

Inú wá bí èmi náà. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé inú bíbí mi kì í fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rù. "O ò ní gé nǹkan kan," mo ní. "Bí olè bá gbé ẹrù rẹ sá wọ yàrá, ṣé wàá ju kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sínú ọ̀sà? Ohùn rẹ wà níbẹ̀. Ti Lateefah wà níbẹ̀. Tèmi, ó kọ́ ọ lásán ni, kò rí i gbà, torí mi ò dá a lóhùn rí. Ohun kan wà tí kò mọ̀. Tẹ òfin tuntun."

Ó gbé ọwọ́ lé e.

"Ẹnikẹ́ni tó bá pe ilé yìí, kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ bi í: Kí ni ìyàwó ilé ń pè ọ́? Bó bá mọ̀ ọ́n, ọmọ ilé ni, kó wọlé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má gbé e fún ojúgbà kankan mọ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó rán an."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́ pé: Kò ní ẹni tó rán an.

"Ara rẹ̀ ni yóò pè nìyẹn."

Ṣítù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ burú o."

Mo wá sọ orúkọ tí mo fún àwọn ọmọ ọkọ mi sí Akọ̀wé létí wúyẹ́wúyẹ́, kí ẹ̀rọ má gbọ́, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ìkẹyìn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Orúkọ tí mo fún Ọmọ́níkẹ́ ni, àbíkẹ́yìn wọn tí ibà gbé lọ lọ́dún kejì tí mo wọlé ọkọ. Ó wò mí. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Tẹ̀ ẹ́," mo ní. "Ọmọ ilé ni. Ta ló yọ ọ́ kúrò?"

Ó tẹ̀ ẹ́, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ṣítù gbé òfin náà sínú dísìkì, ó gun ọ̀kadà lọ fi í sí ẹ̀rọ ti Mùṣín àti ti Costain, ó sì padà wá bá wa. A ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ àwọn oníbàárà, a jókòó dè é.

Ọ̀sán ló tún dé. Mo kọ́kọ́ mọ̀ nígbà tí ariwo títì rẹlẹ̀, tí fáànù òkè wa ń yí tí mi ò gbọ́ ọ mọ́. Òórùn bí irin tó gbóná gba inú yàrá.

"Ṣùbòmí," ohùn mi pè láti inú ẹ̀rọ.

Ohùn mi kan náà, èyí tí a gbà sínú ẹ̀rọ láti máa bi ìbéèrè wa, dá a lóhùn: "Kí ni ìyàwó ilé ń pè ọ́?"

Nǹkan kan ń mí níbẹ̀, ó ń fa èémí wọlé, kò sì ń mí i síta. Ó gbé ohùn Lateefah wọ̀: "Ìdílẹ̀kẹ̀?" Ẹ̀rọ tún bi í. Ó gbé ohùn Akọ̀wé wọ̀, ti Akọ̀wé gan-an, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀: "Akọ̀wé? Bùọ̀dá kékeré?" Ẹ̀rọ tún bi í. Ó wá padà sí ohùn tèmi, ó rọra pè mí.

"Mobọ́lá."

Ẹ ò mọ bó ṣe rí kí ènìyàn gbọ́ tí ohùn ara rẹ̀ ń pè é.

"Mobọ́lá, dá mi lóhùn, jọ̀ọ́. Ó tutù níbí."

Àánú ṣe mí. Òótọ́ ni mò ń sọ, àánú ṣe mí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ là. Mo fi eyín di ahọ́n mi títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ṣítù fọwọ́ bo ojú, ó ń ka àdúrà.

Òfin wá mú un. Aago kan bẹ̀rẹ̀ sí dún, kì í ṣe lórí tábìlì wa, ẹ̀yìn dígí ẹ̀rọ níbi tó jìn ló ti ń dún. Ó dún, ó dún. Ohun náà ò lè pa ìpè náà, torí òfin àlejò tó ti gbé e kiri kò gbà kí ìpè kú. Kò lè gbé e fún ojúgbà, torí mo ti ti ìyẹn. Ohun tó ti ń pe ọmọ ẹni ẹlẹ́ni kiri, ta ló pè é rí? Mo rò pé kò mọ̀ pé a lè pe òun. Nígbà tó yá, ohùn kékeré kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa jáde.

"Ẹẹ́n?"

Ó ti jẹ́ ìpè.

Kò pariwo. Ó kàn dà bíi pé wọ́n ṣí etí wa. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí kígbe lókè. Mo gbọ́ ife tánńganran kan tó fọ́ yángá lórí simẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ ife kankan ò bọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Akọ̀wé káàkiri yàrá, gbogbo ìrìn tó ti rìn láìgbọ́, òun sì rèé lórí àga. Ó wúkọ́. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní.

Mo bú sẹ́kún, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo jó yí tábìlì ká láìsí orin, ẹ máa wò mí. Kí n tó jókòó, Lateefah ti sá kọjá títì pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ń gbá ilẹ̀kùn wa.

"Mobọ́lá, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ọ, gbogbo Yábà gbọ́ ọ."

"Mo ní kó dá ọ lójú ni." Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ láti òdìkejì títì, ó ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti há sí i lọ́fun.

Nígbà tí ara rọ̀ wá tán, mo bi Akọ̀wé ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. "Ohùn rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbogbo ọjọ́ yẹn. Orúkọ tí mo fún ọ sì wà lẹ́nu rẹ. Kí ló dé tí kò rí i gbà?"

Inú rẹ̀ tó ń dùn rọlẹ̀ díẹ̀. "Ó bi mí níbi tó gbé ohùn mi sí, ìyàwó wa. Ó ń bi mí lemọ́lemọ́. Ó rẹ̀ mí débi pé mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ọmọdébìnrin kan ló fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, bí ọwọ́ ẹni tí ibà ń ṣe."

Ṣítù ń wo ilẹ̀. Ibi tí a wà náà ni aago dún, tiwa, lórí tábìlì. Ẹ̀rọ béèrè bí a ṣe ní kó máa béèrè: kí ni ìyàwó ilé ń pè ọ́?

"Eyínfúnjowó," ohùn ọmọdébìnrin kan dáhùn.

Ilẹ̀kùn ṣí fún un, torí orúkọ tí mo fún Ọmọ́níkẹ́ nìyẹn, èmi ni mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

"Ìyàwó wa?" ó pè.

Akọ̀wé di ọwọ́ mi mú, ó ń mi orí sí mi pé kí n má jẹ́. Mo gba ọwọ́ mi. Màmá ò kọ́ mi pé kí n gbọ́ ìpè ọmọ ilé kí n dákẹ́.

"Ẹẹ́n, Eyínfúnjowó mi."

"Ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ti ilẹ̀kùn láti ibí."

Ó gbé e kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìpè tí kò ní olúwa ò wọ ṣọ́ọ̀bù wa mọ́. Mo dáhùn, ohùn mi ò sì lọ. Òun náà ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.