Ilẹ̀kùn Agbẹnusọ

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Boaz gbé àpò ìlẹ̀kẹ̀ dé iwájú Yusrah, ọmọ náà kò sí ní Peckham, ní London, mọ́. Ara rẹ̀ wà lórí àga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti dé Róòmù ayé àtijọ́. Ó ń rìn láàárín òpó funfun gìrìwò, oòrùn ń ta sí i lẹ́sẹ̀, àwọn àgbààgbà tó wọ aṣọ funfun gbọọrọ ń kọjá lọ sí ilé ìgbìmọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ sọ̀rọ̀ ìlú kan fún Yusrah fún ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò ti kó ẹrù rẹ̀ lọ síbẹ̀.

“Yusrah, ki ọwọ́ bọ̀ ọ́,” ni olùkọ́ náà wí, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìlẹ̀kẹ̀ pupa ló fà yọ. Funfun ni ti àwọn ọ̀tọ̀kùlú, àwọn mẹ́wàá péré. Pupa ni ti mẹ̀kúnnù, àwọn ogún tó kù. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kíláàsì náà yóò máa ṣe ìjọba bí àwọn ará Róòmù ṣe ṣe é. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú ni yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tó móoru, àwọn ni yóò sì máa gbé òfin kalẹ̀. Àwọn mẹ̀kúnnù ni yóò máa pín ìwé, tí wọn yóò máa nu pátákó, tí wọn yóò máa to àga. Jethro, ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ dáadáa, ni àwọn ọ̀tọ̀kùlú fi ṣe olórí ìjọba.

“Ṣùgbọ́n mẹ̀kúnnù Róòmù kò gbà bẹ́ẹ̀,” Ọ̀gbẹ́ni Boaz ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Lọ́jọ́ kan, wọ́n pa iṣẹ́ tì, gbogbo wọn jáde kúrò nílùú, wọ́n lọ jókòó sórí òkè. Ìgbà tí àwọn ọ̀tọ̀kùlú rí i pé kò sẹ́ni tí yóò bá wọn jagun mọ́ ni wọ́n jẹ́ kí mẹ̀kúnnù yan agbẹnusọ tiwọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá ti sọ pé ‘Mo kọ̀,’ òfin yòówù kó jẹ́ ti tán nìyẹn. Àmọ́ òun náà lẹ́rù tó ń rù. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà ní títì, tọ̀sán tòru. Kò sì gbọ́dọ̀ fi ìlú sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, kí ẹni tí wọ́n bá ń fìyà jẹ lè rí i sá bá.”

Adépéjú, ọ̀rẹ́ Yusrah láti kékeré, ti nàró lórí àga. “Ẹ dìbò fún Yusrah! Ilẹ̀kùn ilé wọn kì í tì rárá. I swear, ẹ lọ wò ó!”

Òótọ́ ló sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ti Yusrah díẹ̀. Ìyá rẹ̀, Mùínàt, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni gbogbo ayálégbé ẹ́sítéètì wọn fi ṣe aṣojú. Tó bá ti ti iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, yóò fi sálúbàtà àtijọ́ kan há ilẹ̀kùn kó má lè padé, àwọn èèyàn yóò sì máa wọlé: ẹni tí kò lóye lẹ́tà council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tí omi ń jò sí lórí. Yusrah kò fẹ́ràn sálúbàtà yẹn. Atẹ́gùn tútù ń gbabẹ̀ wọlé, ariwo náà ń gbabẹ̀ wọlé, kò sì sẹ́ni tó lè jókòó lálàá nínú ilé tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn mẹ̀kúnnù nawọ́ sókè fún un, tó sì kà wọ́n pé mọ́kàndínlógún, inú rẹ̀ dùn gan-an.

Lọ́jọ́ Friday, olùkọ́ mú ìròyìn wá. Ọkọ̀ ilé-ìwé ń lọ sí Bath, ìlú tí àwọn ará Róòmù kọ́ ilé ìwẹ̀ ńlá sí, tí omi gbígbóná ṣì ń ru jáde láti inú ilẹ̀ títí dòní. Ọmọ mẹ́rìnlá péré ni ọkọ̀ náà lè gbà. “Èmi ò ní yan ẹnikẹ́ni,” ló wí. “Ìjọba yín ni yóò pinnu.”

Láti ìgbà náà, Yusrah kò rí nǹkan mìíràn mọ́. Tó bá ń gba Rye Lane lọ sílé, láàárín àwọn ìsọ̀ ẹja àti ti aṣọ, òkúta ọ̀nà Róòmù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Tó bá ń fọ abọ́, èéfín omi gbígbóná yóò bò ó lójú, yóò sì rí òpó àtijọ́ nínú rẹ̀. Ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ omi yẹn. Ó fẹ́ ẹ débi pé àyà ń dùn ún.

Jethro mọ̀. Ó bá a lórí ìlà oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ Monday.

“Òfin tí mo fẹ́ gbé wá lọ́la rèé,” ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Ìjókòó mẹ́wàá fún wa, mẹ́rin fún àwọn mẹ̀kúnnù tó bá ń wá kí wa ní gate láràárọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní Róòmù náà nìyẹn. Mẹ̀kúnnù á ní baba ìsàlẹ̀, á máa lọ kí i láàárọ̀, baba ìsàlẹ̀ á sì rántí rẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn jẹ́ tìẹ. Ìwọ ò tiẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni. Ṣáà ti dákẹ́.”

Yusrah kò sọ pé òun gbà. Kò sì sọ pé òun kọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Jethro dìde, ó ka òfin rẹ̀. Àwọn mẹ̀kúnnù rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ ohun tí agbẹnusọ wọn máa sọ. Adépéjú yíjú pa dà, ó ń wò ó. Yusrah tẹ ojú mọ́ fèrèsé. Òjò ń fọ́n lẹ́yìn dígí, ó sì jẹ́ kí ó di èéfín, ó jẹ́ kí èéfín náà di ilé ìwẹ̀, ó wọ inú rẹ̀ lọ. Láti ọ̀nà jínjìn ló ti ń gbọ́ Ọ̀gbẹ́ni Boaz tó ń ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, àyè tí agbẹnusọ ní láti kọ̀.

“Agbẹnusọ kò fọhùn. Òfin ti dúró.”

Adépéjú kò bá a rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Yusrah délé, ó fi ẹsẹ̀ ta sálúbàtà náà dànù, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kànkùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná.

“Ta ló ti ilẹ̀kùn yìí?”

“Òtútù ń mú mi, Mummy.”

Bàbá Làtíìfù ti òkè kẹta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Mo fẹ́ pa dà sókè ni,” ni bàbá náà wí. “Mo rò pé ọ̀rọ̀ wa ti sú Ìyá Yusrah.”

“Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó.”

Lẹ́yìn tí bàbá náà lọ, Yusrah wo ògiri yàrá wọn tí ọ̀rinrin ti sọ di dúdú. “Mummy, kí ló dé tí wọn ò tíì tún ògiri wa ṣe? Ṣebí ẹ̀yin ni aṣojú.”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọkùnrin office council yẹn ní òun máa tún tiwa ṣe kọ́kọ́, pé kí n má tíì pariwo nípa lift tó bà jẹ́. Bàbá Làtíìfù ń fẹsẹ̀ gun òkè mẹ́ta! Tí mo bá gba ti ògiri, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ti lift? Mo ní kó máa gbé ọ̀dà ẹ̀ lọ.”

Ìtìjú mú Yusrah débi pé kò lè wo ojú ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Wednesday, bí Ọ̀gbẹ́ni Boaz ṣe ní kí wọ́n pín ìwé, Adépéjú dìde. Ó rìn jáde, àwọn mẹ̀kúnnù yòókù sì tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn tó wà níta kíláàsì. Olùkọ́ kò dá wọn dúró. Yusrah nìkan ló kù lórí àga láàárín àga mọ́kàndínlógún tó ṣófo. Ó dìde, ó tẹ̀ lé wọn.

“Kí lo wá ṣe níbí?” Adépéjú bi í. “Àwọn èèyàn ẹ wà nínú kíláàsì.”

“Jethro ló ṣèlérí ìjókòó kan fún mi. Mo tà yín.” “Mi ò lọ mọ́. Ẹ gba ìjókòó náà.”

“Kì í ṣe tìjókòó, Yusrah. Mo wojú ẹ. O ò wò mí.”

Omijé bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Yusrah jókòó sórí àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé lọ sọ ohun tó yẹ kí n sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹ bá fẹ́ yan ẹlòmíràn, kò burú.”

Adépéjú nu ojú rẹ̀. “Lọ.”

Nínú kíláàsì, àwọn ọ̀tọ̀kùlú ti ń tú kọ́bọ́ọ̀dù wò, wọn kò mọ ibi tí ìwé wà. Yusrah dúró síwájú wọn. “Mẹ̀kúnnù ò ní pa dà wọlé àfi tí orúkọ gbogbo kíláàsì bá wọ inú àpò, kí a fà á yọ lójú gbogbo èèyàn.”

“O ti dákẹ́ lánàá,” Jethro dáhùn. “Òfin ti dúró. Àbí, sà?”

“Ó ti dúró,” Ọ̀gbẹ́ni Boaz wí. “Kò lè kọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é nìkan lẹ lè tú u ká.”

Jethro wo pátákó tí ẹnikẹ́ni kò nù. Ó wo àwọn àga tó ṣófo, ó sì wo àwọn ọ̀tọ̀kùlú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí inú wọn ò dùn sí ilé tó dá páropáro bẹ́ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Ẹ gbé àpò wá. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lè má rí i fà o.”

“Ẹ má kọ orúkọ tèmi,” Yusrah fèsì. “Agbẹnusọ kì í fi ìlú sílẹ̀ fún odidi ọjọ́.”

Ó dùn ún. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kò dùn ún. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ń lọ, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó títí tó fi ṣẹ́ kọ́nà. Orúkọ Adépéjú ti jáde nínú àpò. Ti Jethro kò jáde, òun náà sì jókòó wẹ́lo sẹ́yìn kíláàsì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Yusrah ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi sálúbàtà há ilẹ̀kùn. Ó ń ka lẹ́tà kan fún Bàbá Làtíìfù nígbà tí Adépéjú yọjú pẹ̀lú ìgò omi kékeré kan lọ́wọ́.

“Omi ibẹ̀ ni. Wọ́n ní èèyàn lè mu ún. Ó ti tutù, àti pé taste ẹ̀ ò dáa rárá, bí irin.”

Yusrah mu díẹ̀. Irin ni lóòótọ́. Ó pa ojú dé, òpó funfun wọ̀nyẹn sì tún dìde, èéfín ń fẹ́ yí wọn ká. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ará òkè kẹta wà láàárín wọn, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, Adépéjú wà níbẹ̀. Ohun tó yé e lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́: ẹni tí àwọn èèyàn bá yàn pé kó máa fọhùn fún wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti ta ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ohun tí wọ́n fẹ́ fi rà á dùn tó.

“Ṣé kí n ti ilẹ̀kùn?” Adépéjú béèrè. “Òtútù wà.”

“Rárá,” Yusrah wí. “Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”