Oní-táyà Tó Fẹ́ Fi Mímí Rọ́pò Ẹ̀rọ

Nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan fììì láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rò pé táyà àjàgbé ló fẹ́ bẹ́. Mo ju bátìrì tí mo ń tún ṣe sílẹ̀, mo sáré dé ìsọ̀ tó kángun sí tèmi. Aládùúgbò mi tó ń lẹ táyà, tá à ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Oní-táyà, ni. Ó jókòó, ó fa afẹ́fẹ́ sínú, ó sé èémí mọ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú tó ilé alájà méjì. Ojú rẹ̀ yọ síta débi pé mo tẹ́wọ́ kí n lè hán an tó bá já bọ́.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí kíndìnrín ẹ̀gbọ́n ti ń ṣàìsàn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù. Nígbà tí àárẹ̀ àti àìróorunsùn ń bá a fínra ni nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bí a ṣe ń mí jẹ́jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ara tù ú. Ó ń hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ àdúgbò fi kó lọ. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n oní-táyà ti sọ sí i lórí: bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá dáa, àkúnfàya ló máa dáa jù.

Ọjọ́ ẹ̀rọ lọjọ́ náà, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀. Ó ní ara òun ti le, kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ wọn fọ ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Obìnrin náà ò bá a jà. Ó pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó ròyìn fún un bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sé èémí, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, táyà tí ìṣó gún, tí mo bá ní kẹ́ ẹ má lẹ ẹ́, kẹ́ ẹ ṣáà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ńkọ́?”

“Ẹ ò ní dé ìkóríta.”

“Ẹ̀yin náà ò ní dé ibẹ̀. Mímí ń fọkàn balẹ̀, ó ń jẹ́ kéèyàn sùn. Kì í fọ ẹ̀jẹ̀. Ta ló tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ sé èémí?”

Ẹ̀gbọ́n wojú mi. Mo ní kò kàn mí, bátìrì niṣẹ́ tèmi.

Ìyàwó rẹ̀ wá fohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, “Olówó orí mi, ṣé kí n gbé bàtà yín wá, àbí ẹ máa fò lọ?”

Ẹ̀rín pa á, ó gba bàtà. Nígbà tó dé ọsibítù, omi ti ń kó sí i lẹ́sẹ̀. Dókítà ní ká ní ó tún fi ọjọ́ méjì falẹ̀ ni, omi náà ì bá dé àyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí kíndìnrín ń dà láàmú, ẹ bi dókítà yín, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú mímí yìí. Ẹ jókòó gbẹdẹmukẹ, ẹ gbọ́wọ́ lé ikùn. Ẹ fimú fa èémí wọlé jẹ́jẹ́ títí ikùn á fi gbé ọwọ́ yín sókè, kẹ́ ẹ fẹnu tú u síta díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ má sé èémí o. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró. Bí èémí bá sì ń há yín láyà, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ kíá.

Ẹ máa mí, ẹ máa lo oògùn, ọjọ́ ẹ̀rọ ò sì gbọdọ̀ yẹ̀.