Èémí Orí Gíláàsì

"Háà!" Abẹ́rẹ́ mí èémí gbígbóná sórí gíláàsì Jẹ́jẹ́ tí kò tíì gbẹ, ó sì wẹ̀yìn wò bí ológbò tó jí ẹja.

Ọmọ ọmọ mi ni àwọn méjèèjì. Ẹnu Abẹ́rẹ́ mú. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ balẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ní yàrá ìwádìí pé ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn máa gbà fún iṣẹ́ ìgbà ìsinmi, wọn kò kí ara wọn mọ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé: wọ́n á da oje kan tó ń jẹ́ pẹrófísíkáìtì sórí gíláàsì, wọ́n á gbé e kaná kó gbẹ. Tí iná mànàmáná bá gba inú rẹ̀ kọjá, á tàn funfun. Àmọ́ ọ̀pọ̀ iná náà ló ń ṣòfò. Ẹni tó bá fi iná díẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ló borí. Àǹtí Aláṣọ-funfun tó ń kọ́ wọn sì ti kìlọ̀: "Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má tiẹ̀ mí sí i!"

Ẹ ti wá rí ohun tí Abẹ́rẹ́ ń wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwa ará ilé wá wòran, fìtílà Abẹ́rẹ́ tàn bàìbàì. Wọ́n tan ti Jẹ́jẹ́. Yéè! Funfun báláú! Ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀ mọ́, mo forin sí i:

*Fìtílà ọmọ mi, tàn sí mi lójú,*
*Tàn kí n ki òwú bọ abẹ́rẹ́,*
*Tàn kí n rí ẹni tó ń bínú!*

"Màmá, ẹ dákẹ́ ná." Àǹtí kọjú sí Jẹ́jẹ́. "Kí lo fi kún un?"

"N ò fi nǹkan kan kún un, mà."

"Irọ́! Oje yìí kì í tàn tó báyìí. O ti pààrọ̀ rẹ̀ ni. Kó ẹrù rẹ, kó o máa lọ!"

Omi bọ́ lójú Jẹ́jẹ́. Abẹ́rẹ́ ti borí nìyẹn, bó bá ṣáà ti lè panu mọ́. Mo wò ó.

"Èmi ni!" ló bú jáde. "Mo mí sí i kó tó gbé e kaná. Mo fẹ́ kó bàjẹ́ ni!"

Àǹtí ní kó mí sí òmíràn lójú wa. Ó mí, wọ́n gbé e kaná, wọ́n tàn án. Báláú! Àṣé èémí díẹ̀, kí oje tó gbẹ, ló mú kó dì dáadáa.

"O ti rí nǹkan ńlá," ni Àǹtí wí, "àmọ́ ẹni tó ń ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́ kò ní wọ yàrá mi. Jẹ́jẹ́ ni mo mú."

Abẹ́rẹ́ yíjú sí i. "O ò tiẹ̀ ní dúpẹ́?"

"Kí n dúpẹ́ pé o fẹ́ pa mí, o ò rí mi pa? Kúrò níwájú mi!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìkà tó bọ́ sí rere, ìkà náà ni, kì í gbórúkọ rere fún ẹni tó ṣe é. Òótọ́ tí Abẹ́rẹ́ sọ kò fún un ní ipò yẹn, àmọ́ òun ni kò jẹ́ kí ojú tì mí láti bá a rìn lọ sílé.

Jẹ́jẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títì kan, Abẹ́rẹ́ gba ìkejì, èmi wà láàárín. Nígbà tó ku díẹ̀ ká délé, Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni:

"Ṣé 'háà' lo mí sí i ni, àbí 'fúù'?"

"Háà ni, olódo!"

Orin ni mo fi wọlé.