Ta Ní Ń Yan Ààrẹ fún Motọ́lání?

Gúgúrú há ọkùnrin náà lọ́fun lọ́jọ́ tí Motọ́lání kọ́kọ́ fojú kàn án. Ó ga, ó dúdú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì gbé agbòòrùn obìnrin olódòdó lé orí ara rẹ̀ láìtijú. Ó ń húkọ́ débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín kí gúgúrú tó gba ọ̀nà òdì, Motọ́lání ló sì pa á lẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣàwàdà.

Orí ìlà ni wọ́n wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àgùdà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gba káàdì ìdìbò. Oòrùn mú, ìlà kò sún, ẹni tí kò sì ríṣẹ́ ṣe nínú oòrùn, òṣèlú ni yóò máa sọ. Àwọn tó wà níwájú ní Onígbàgbọ́ bíi tàwọn làwọn yóò dìbò yàn sípò ààrẹ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní àfi Mùsùlùmí. Motọ́lání wà láàárín, kò bá ẹnì kankan wí, ni ìyá kan bá kọjú sí i.

"Ìwọ ńkọ́, àǹtí? Ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí mọ́sálásí?"

"Mi ò sí nínú ìkankan, mà."

"Há! Ta ló wá máa sọ ẹni tí o máa dìbò fún fún ẹ?"

"Àwọn aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́ ni, mà."

Èsì yìí ni ọkùnrin náà gbọ́ tó fi bú sẹ́rìn-ín tòun ti gúgúrú lẹ́nu. Motọ́lání gbá a lẹ́yìn, ó fún un ní omi tirẹ̀ mu. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ ṣeun, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, aládùúgbò ta ni?"

Iṣẹ́ ajẹ́ńtì ilé ni Motọ́lání ń ṣe ní Àgùdà, kò sì sí ohun tí iṣẹ́ yẹn kò tíì fi hàn án. Gbogbo ẹni tó ń wá ilé ló níwà lójú ajẹ́ńtì. Gbogbo wọn ló ń pe Ọlọ́run. Nítorí náà, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn. Ilé tí ẹni náà ti ń gbé bọ̀ ló máa ń lọ. Ṣé ó máa ń gbálẹ̀ tó bá kàn án? Ṣé ó ń jáde kó gọ́tà? Ibi tó ti kọ́kọ́ gbé ńkọ́, ṣé kò tú gílóòbù lọ nígbà tó ń kó jáde?

"Ẹni tó bá tú gílóòbù ilé onílé lọ," ó ní fún un, "bó bá dé Àbújá, gbogbo orílẹ̀-èdè ló máa tú."

Ọkùnrin náà tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó ti gbé gúgúrú mì. Orúkọ rẹ̀ ni Olúdayọ̀ Adéṣínà, apòògùn ni ní Sùúrùlérè, òun ló sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Yábàá. "Ìyá mi ló ni agbòòrùn yìí o," ó ní. "Ẹ má rò ó síbòmíràn."

"Mi ò tíì ro nǹkan kan. Mi ò tíì dé àdúgbò yín."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, "ẹ" ti di "o", Dayọ̀ sì ti ń pè é lójoojúmọ́ láti béèrè bí ọjà ilé ṣe ń lọ, òun tí kò wá ilé.

Àwọn mẹ́ta ló ń du ipò ààrẹ lọ́dún náà. Ọ̀kan ń gbé Bíbélì kiri, ọ̀kan ń fa tẹ̀sùbáà, ẹ̀kẹta ń gbé méjèèjì kí ó má bàa pàdánù ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ gómìnà níbi tó jìnnà sí Èkó. Motọ́lání ní kò sí wàhálà níbẹ̀, Jíbówú kúkú wà. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn máa ń já èrò sí. Ẹni tó bá ti ìlú gómìnà dé, aládùúgbò rẹ̀ nìyẹn.

Ni àwọn méjèèjì bá sọ Jíbówú di ibi ìgbafẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Wọn á ra àgbàdo sísun, wọn á dúró de ọkọ̀, bí èrò bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀, Motọ́lání á kí wọn kú ewu ọ̀nà, á wá da ìbéèrè lé wọn. Bàbá kan rò pé alábàárù ni Dayọ̀, ó gbé àpò gàrí lé e lórí. Dayọ̀ sì gbé e sọdá títì, nítorí pé bàbá náà ń dáhùn ìbéèrè lọ́wọ́.

"Gómìnà wa?" ìyá kan tó gbé àkùkọ dání ní. "Ó kọ́ ilé ìwòsàn fún wa. Ó ga, ó rẹwà. Nọ́ọ̀sì ni kò sí níbẹ̀. Ewúrẹ́ mi ló ń sùn síbẹ̀."

"Tiwa máa ń gbàdúrà gan-an ni," tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ní. "Àwa náà ń gbàdúrà. Ká ṣáà rí i kó lọ ni tiwa."

Dayọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti Motọ́lání léjìká, kò sì tètè gbé ara kúrò. Motọ́lání kò ní kó gbé e. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún un pé Àṣàbí ni oríkì òun, àti pé láti ìgbà tí ìyá ìyá òun ti kú, kò sí ẹni tó ń pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Àṣàbí," Dayọ̀ pè é wẹ́rẹ́. Inú Motọ́lání yọ́.

Ó sọ ìyókù ìtàn fún un pẹ̀lú. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, Mùsùlùmí ni bàbá, Onítẹ̀bọmi ni ìyá. Bàbá ní kó wá kírun, ìyá ní kó wá kọrin; níbi tí wọ́n ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, ó kúkú jókòó sílé. Nígbà tó dàgbà, ó wo inú ara rẹ̀ fínnífínní, kò bá ìgbàgbọ́ kankan níbẹ̀. Kò bínú sí ẹlẹ́sìn kankan. Kò kàn lè sọ pé òun ní ohun tí òun kò ní.

Dayọ̀ ní kò burú. Ó ní òun á mú un lọ rí ìyá òun. Motọ́lání ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ẹjọ́ máa wà.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ni Màmá Salome Adéṣínà kó tó fẹ̀yìntì, òun sì ni olórí àwọn ìyá ìjọ. Àwọn ọmọ tó nà ní kíláàsì ti bí ọmọ, wọ́n ti ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń ká ọwọ́ sẹ́yìn tí wọ́n bá pàdé rẹ̀ ní títì. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, ó bu ìrẹsì fún Motọ́lání, ó fi ẹran tó dára jù lé e lórí, ó wá béèrè.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo lò ń lọ, ọmọ mi?"

Dayọ̀ fẹsẹ̀ tẹ Motọ́lání lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Mi ò lọ sí ìkankan, mà."

"Ìmàle ni ẹ́?"

"Rárá, mà."

"Òrìṣà lò ń bọ?"

"Rárá, mà. Mi ò bọ nǹkan kan."

Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Nǹkan kan? Bàbá bàbá mi tí kò mọ Jésù gan-an, ó bọ Ògún. Ó rí nǹkan bọ!" Ó wo Dayọ̀, ó wo Motọ́lání. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ìyẹn ló sì dunni jù. "Ọmọ mi, o lójú àánú, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ni yóò dá a lẹ́kun lọ́jọ́ tó bá fẹ́ já ọmọ mi jù sílẹ̀? Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, mi ò lè fọwọ́ sí i."

Dayọ̀ sin ín jáde. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Àṣàbí mi, o ò bá kúkú sọ pé o máa bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Ìjókòó pọ̀ lẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. O lè máa sùn níbẹ̀ jàre. Ìdajì ìjọ ló ń sùn!"

"Irọ́ lo fẹ́ kí n fi wọ ilé yín?"

"Irọ́ kékeré ni, ìfẹ́ mi."

"Dayọ̀, tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń du ipò ààrẹ ló lọ ra Bíbélì tuntun torí ìbò, ṣé wàá dìbò fún un?"

Motọ́lání dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó wọ̀ ọ́, ó sì sunkún títí wọ́n fi dé Ojúẹlẹ́gba, tí oníkẹ̀kẹ́ fi bi í pé ta ló kú. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà dé mùdùnmúdùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ní kó sọ kí ó fi rí i fẹ́, kò sì lè sọ ọ́.

"Agídí ni!" Fadilah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ, pariwo mọ́ ọn. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ gbé kí Motọ́lání tó kó lọ sí òpópónà kejì. "Ṣe àmín, kó o gbé ọkọ lọ! Ṣé o ò mọ̀ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà ni?"

"Jẹ́ kó kùtà," ni Motọ́lání wí, àmọ́ kò jẹun lálẹ́ náà. Dayọ̀ pè é títí, kò gbé e.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Fadilah pè é lórí fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Tètè máa bọ̀ nílé wa. Ìyá kan wà níbí, ó ní yàrá lòun ń wá, kò sì bi wá ní iye tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ ló ń béèrè! Ó ní nígbà tó o kó kúrò níbí, ṣé o tú gílóòbù lọ?"

Ẹsẹ̀ Motọ́lání fẹ́rẹ̀ẹ́ máà kan ilẹ̀ kó tó débẹ̀. Ó bá ìyá kan tó jókòó sórí àpótí ìránṣọ, ó wé gèlè bo etí, ó fi awò dúdú bojú bí ẹni tó fẹ́ jó irin pọ̀. Agbòòrùn olódòdó kan wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Màmá Dayọ̀. Yàrá mélòó lẹ ń wá, mà?"

"Èmi kọ́," ni ìyá náà wí.

"Ẹ̀yin ni, mà. Mo dá agbòòrùn yín mọ̀."

Màmá yọ awò náà, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Fi yàrá hàn mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ irọ́, jẹ́ n pa á tán."

Motọ́lání ṣílẹ̀kùn yàrá tó ṣófo fún un. "Omi máa ń wọ ibí yìí tí òjò bá rọ̀, mà. Onílé ní kí n má sọ. Ẹ má gbà á."

"Báwo ni ìwọ yìí ṣe ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni, mà."

Màmá rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun kò fẹ́ rín. Ó fara ti ògiri. "Dayọ̀ ló sọ bó o ṣe ń ṣe é fún mi. Mo ní ó dáa, mo máa ṣe é fún ìwọ náà. Gbogbo wọn ló ní o lágídí. Bàbá yàrá iwájú ní o máa ń jà nídìí ẹ̀rọ tí omi bá dé. Wọ́n tún wá ní ìyá arúgbó kan ṣubú nínú ilé yìí, pé ìwọ lo gbé e lọ sílé ìwòsàn, tó o sùn tì í títí ọmọ rẹ̀ fi dé láti Kánò." Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ta lò ń bẹ̀rù tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò bẹ̀rù ẹnì kankan, mà. Ara ló ń ro wọ́n."

Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ ìránṣọ Fadilah dákẹ́, nítorí ó ń fetí kọ́ wọn.

"Ká ní o parọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn," ni Màmá wí nígbẹ̀yìn, "ǹ bá ti gbà ẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀, ǹ bá sì má mọ ẹni tí mo gbà. Wá kí mi nílé. Mi ò ní kó o wá sí ìsìn o. Lẹ́yìn ìsìn ni mo wí."

Ọjọ́ ìdìbò ni Dayọ̀ wá bá a lórí ìlà ní Àgùdà. Ó ti sin ìyá rẹ̀ lọ dìbò ní Yábàá kó tó wá di tirẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn dé, nítorí ọkọ̀ kò rìn lọ́jọ́ náà. Òógùn bò ó.

"Forí jì mí, Àṣàbí. Mo ní kó o parọ́ torí ẹ̀rù bà mí kí n má pàdánù rẹ. Mi ò rò ó pé ẹni tó máa wọlé wa nígbà yẹn kì í ṣe ìwọ."

Motọ́lání fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún lójú níwájú gbogbo ènìyàn. "Ò ń rùn," ó ní. Dayọ̀ mọ̀ pé ó ti dárí ji òun.

Nígbà tí èsì ìbò jáde, ẹni tí Motọ́lání dìbò fún kò wọlé. Ẹni tí Màmá dìbò fún kò wọlé. Ti Dayọ̀ náà kò wọlé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ní pálọ̀ Màmá ní Yábàá lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń bá ara wọn kẹ́dùn, ni Dayọ̀ bá dìde kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ síwájú Motọ́lání.

"Àwọn yẹn, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń tọrọ," ó ní. "Èmi, títí ayé ni. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Motọ́lání kọjú sí Màmá. "Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó ti ń gbé bọ̀, mà. Ṣé kí n gbà á?"

"Kì í tẹ́ ibùsùn," Màmá dáhùn kíá. "Ó máa ń kọrin nílé ìwẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè. Ó ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì." Ohùn rẹ̀ wá yí padà. "Nígbà tí bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gé èékánná rẹ̀. Kò jẹ́ kí n rí i nígbà tó bá ń sunkún. Gbà á, ọmọ mi."

"Mo gbà," Motọ́lání wí, omi sì lé ròrò sí òun náà lójú.

Màmá dìde. "Ìgbéyàwó kóòtù náà ìgbéyàwó ni, mo ti sọ fún àwọn ìyá ìjọ. Wọ́n á sọ ọ́ títí á fi sú wọn. Ṣùgbọ́n àdúrà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe fún ọmọ. Tí mo bá fẹ́ gbàdúrà fún yín, ṣé wàá kúnlẹ̀?"

"Màá kúnlẹ̀ fún yín, mà," Motọ́lání dáhùn. "Ẹ̀yin ni mo rí."

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dayọ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ó sì gbàdúrà gígùn: fún ilé wọn, fún ọmọ, fún orílẹ̀-èdè pẹ̀lú ẹni tó wọlé. Nígbà tó parí, Dayọ̀ nìkan ló ṣe àmín. Màmá wo orí ọmọbìnrin tó tẹ̀ba síwájú rẹ̀, tí kò wí nǹkan kan, tó sì di etí aṣọ òun mú ṣinṣin.

"Àmín ẹnì kan tó wa," ni Màmá wí, ó sì fà wọ́n dìde kí ìrẹsì má bàa tutù.