Ohun Kan Ṣoṣo Tí Sẹ̀gilọlá Ní Kí N Ṣe

"Ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá, ẹ ti tẹ àwọn Mùtíátù mọ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Sẹ̀gilọlá bá mi sọ nìyẹn, lọ́dún 1987, ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road, n'Ìbàdàn. Káàdì àwọn aláìsàn kún ilẹ̀, ó ń fi orúkọ tò wọ́n. Mo yẹra, mo tún lọ tẹ àwọn Ràṣídátù. Ó bú sẹ́rìn-ín, ìfẹ́ rẹ̀ sì kó sí mi lára lójú ẹsẹ̀.

Dúgbẹ̀ ni iléeṣẹ́ wa wà. Àwa la fẹ́ kọ ètò tí kọ̀ǹpútà wọn yóò fi máa wá káàdì. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí ètò náà ṣe.

"Ohun kan ṣoṣo," ó ní. "Kí n tẹ orúkọ, kí káàdì yọ kí aláìsàn tó ríbi jókòó."

Bí mo bá ṣe ìyẹn nìkan, ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ máa parí. Kí ni màá tún wá ṣe ní Ring Road? Lọ́jọ́ kan, mo ní kọ̀ǹpútà lè máa kí aláìsàn. Èmi àti ẹ̀ jókòó jíròrò ìkíni náà títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Lọ́jọ́ mìíràn, mo ní ó lè máa wá ìlú aláìsàn, àti gbogbo ẹbí rẹ̀ tó ti gba ìtọ́jú níbẹ̀ rí. Àfikún kan, àbẹ̀wò kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti ń pè mí ní Ọlá mi, mo sì ti mọ ọ̀nà ilé wọn ní Mọ́níyà.

Ajíbóyè tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kìlọ̀ fún mi. "Ọlánípẹ̀kun, ẹ̀rọ yìí kéré. Ẹrù tí ò ń dì lé e yìí, á máa rìn bí aboyún tó ru igi ni. Sọ ọ́ kalẹ̀!"

"Yóò gbé e."

"Ṣé ilé ìwòsàn lò ń kọ ọ́ fún ni, àbí ọmọge?"

Mo rẹ́rìn-ín. N kò yọ ọ̀kankan.

Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, Sẹ̀gi tẹ orúkọ aláìsàn àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà kí i, ó wá ìlú rẹ̀, ó wá ẹbí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá kí káàdì tó yọ. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, èrò ti dé ẹnu géètì. Ìyá àgbà kan ń gbọ̀n nínú ibà.

Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, jáde. "Sẹ̀gilọlá! Ṣé o ò mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni? Àbí o sùn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ?"

Sẹ̀gi wò mí. Ọ̀gá mi láti Dúgbẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnu mi ní, "Ó máa mọ́ ọn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, Mà."

Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n mú Sẹ̀gi kúrò ní yàrá káàdì lọ sí ibi ìfọṣọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo yọ gbogbo àfikún kúrò. Káàdì wá ń yọ kíá. Wọ́n yìn mí. Ojú ń tì mí bí wọ́n ṣe ń yìn mí, mo sì gbà á.

Mo lọ sí Mọ́níyà láti tọrọ Sẹ̀gi lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, díákónì Onítẹ̀bọmi láti Ṣakí, jẹ́ kí n pẹ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Ṣé ọmọ mi ni kò mọṣẹ́?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"N kò tíì sọ ọ́, sà."

"A ò ní torí àṣìṣe kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti dójú tì í, kí o tó wá tọrọ rẹ̀ níbí."

Sẹ̀gi sìn mí dé ibùdókọ̀. "Olówó orí mi, ṣé o máa sọ ọ́?"

"Lọ́la, ìfẹ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì, ó ń sá aṣọ ibùsùn lágbàlá nígbà tí mo wọlé. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo kan ilẹ̀kùn Mátírọ́ọ̀nù.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Mo ní kí n wá bi yín bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Ó ń sáré bí ehoro! Ẹ ṣeun o."

"Ẹ ṣé, Mà."

Géètì ẹ̀yìn ni mo gbà jáde. Ọdún yẹn náà ni mo kúrò ní Ìbàdàn. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí ó fi ń retí mi lágbàlá, kó tó mọ̀ pé mo ti lọ.