Ẹni Tó Lọ Sí Òkun Lọ́jọ́ Ìdìbò

Ilé kọfí tèmi ni wọ́n ti máa ń ṣèjọba ìlú wa tó wà lórí òkè ní Ítálì yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ìdìbò bẹ̀rẹ̀, Rocco wọlé tòun ti agboòrùn etíkun lábẹ́ abíyá.

"Òkun ni mò ń lọ o. Kí ìjọba Róòmù máa bá ìdìbò wọn lọ."

Òfin kan tó ní kí wọ́n ti ilé-ìwòsàn àwọn ìlú kéékèèké pa la fẹ́ dìbò lé lórí. Ersilia, ẹ̀gbọ́n Rocco, ló ń lo tiwa jù. Kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá tì í, ìlú ńlá Potenza ni yóò máa lọ, ara rẹ̀ ò sì lè gba ọ̀nà jíjìn yẹn. Gbogbo wa la mọ̀. Síbẹ̀, láti bí oṣù kan, ohun kan náà ni gbogbo ìlú ń sọ: "Wọ́n ti parí ẹ̀ sí Róòmù. Ta ló fẹ́ da ara ẹ̀ láàmú?" Inú ń bí mi, àmọ́ èmi náà ò sọ̀rọ̀.

Donata, ọmọge tó ń ṣe akọ̀wé ní gbọ̀ngàn ìlú, ń mu kọfí lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá Rocco, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ti ilé-ìwòsàn yẹn ni?"

"Ṣé orí ẹ pé? Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Inú wọn ló ń bí mi, ìyẹn ni mi ò fi ní dá wọn lóhùn. Mi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan."

"Ìdìbò yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Tí àwọn tó jáde ò bá ju ìdajì àwọn olùdìbò orílẹ̀-èdè yìí lọ, òfo ni gbogbo ẹ̀, òfin yẹn á sì dúró. Tẹ́ ẹ bá jókòó sétí òkun, ẹ ti bá àwọn tó fẹ́ tì í ṣe é nìyẹn."

Rocco gbé agboòrùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ẹ ò béèrè ni. Tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀, 'Bẹ́ẹ̀ ni' ni kẹ́ ẹ mú. Òun ló ń pa òfin náà rẹ́."

Rocco lọ wá káàdì ìdìbò rẹ̀. Èmi náà tẹ̀ lé e.

Nígbà tó máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èsì ti jáde: wọ́n ti fagi lé òfin náà. Ilé kọfí mi kún dẹ́nu, ọ̀rọ̀ sì ti yí padà. Gbogbo ẹni tó ní kò wúlò ló ń sọ pé òun ti mọ̀ pé a máa borí. Bẹ́ẹ̀, Donata ti lẹ iye wa mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìlú: nínú ẹgbẹ̀rún kan, irínwó ó lé méjìlá ló dìbò. Àwọn ìlú mìíràn ló bá wa ṣe é.

Ersilia ti ilé-ìwòsàn dé, báńdéèjì ṣì wà lápá rẹ̀.

"Àwọn wo ló dìbò níbí?"

Gbogbo ọwọ́ ló gòkè, títí kan ti Tullio, ọ̀kan lára àwọn oníbàárà mi, tí awọ imú rẹ̀ ṣì ń bó nítorí oòrùn etíkun ọjọ́ ìdìbò.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀. Mi ò bá yín jà. Àmọ́ àwọn tí ò mọ̀ mí rí ló gbà mí sílẹ̀, àwọn tí mo gbé jó ní kékeré sì wà létí òkun."

Tullio ló kọ́kọ́ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ohun tí ìlú ń sọ ṣáájú ìdìbò pinnu. Kíákíá ló ń yí. Ẹ béèrè ohun tí 'Bẹ́ẹ̀ ni' àti 'Bẹ́ẹ̀ kọ́' máa ṣe, kẹ́ ẹ sì béèrè iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ jáde. Kẹ́ ẹ wá jáde. Aláìsàn kan wà ládùúgbò yín tí ìbò yín lè gbà là, tí ẹnu yín lẹ́yìn ìdìbò ò lè wò sàn.