Fìlà Yàhàyá

Fìlà kò sí lórí tábìlì mọ́.

Màmá Sàrátù, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ta gìrì lórí àga tó ti ń tòògbé. Ó na ọwọ́ síbi tí fìlà wà, igi lásán ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Igbe tó ké ló kó gbogbo ilé jọ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Ilé ìsinmi kan lórí òkè, lẹ́yìn Òmù-Àrán bí a bá ń lọ sí Ẹ̀siẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn adájọ́, lọ́yà àti òṣìṣẹ́ kóòtù máa ń wá síbẹ̀ láti sinmi, kí wọ́n sì yẹ ọkàn ara wọn wò. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Kí kálukú gbé ohun tó ń wúwo lọ́kàn rẹ̀ sórí tábìlì gbọ̀ngàn. Kí wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má sì pe ẹnì kejì ní oyè kóòtù. Ẹni tó bá ṣèèṣì pe adájọ́ ní "Milọ́ọ̀dù", òun ni yóò fọ abọ́. Lọ́yà Mardiyah ti fọ abọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi hun.

Fìlà Yàhàyá ni Màmá Sàrátù gbé wá. Wọ́n ní Yàhàyá, àgbẹ̀ ará Òkè-Ọdẹ, ló dáná sun ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Fìlà tí wọ́n rí he níbẹ̀ ni ẹ̀rí tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ ló sì kú sí. Lónìí gan-an ni Bilqis ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá gba fìlà náà, nítorí títí di òní, "ọmọ adánásunlé" ni wọ́n ń pè é nílé.

Nídìí oúnjẹ àná, Màmá ti sọ fún gbogbo wọn pé: "Ọmọ náà bẹ̀ mí lórí fóònù pé kí n má yí inú fìlà síta. Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun ṣe é, pé ìgbà yẹn ni ayé yóò mọ irú ẹni tí bàbá òun jẹ́. Èmi ò sì yí i. Ìta rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ láti ọjọ́ ìdájọ́."

Ìnsípẹ́kítọ̀ Hussainat, ọlọ́pàá tó wá sinmi tirẹ̀, ní kí ẹnikẹ́ni má wọ gbọ̀ngàn.

"Mo kírun àsùbáà tán ni mo jókòó ti fìlà náà," Màmá wí. "Oorun ló jí mi gbé."

Òjò ti rọ̀ ní ìdájí lẹ́yìn tí Màmá wọlé, ẹnu ọ̀nà sì kún fún ẹrẹ̀ pupa. Ipa ẹsẹ̀ wà lórí ilẹ̀ táìsì funfun, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì. Ọ̀wọ́ kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣá díẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí àga Màmá. Yàtọ̀ sí ẹsẹ̀, kò sí àbàwọ́n kankan lórí táìsì.

"Àbí ẹni méjì ló wọlé, tí wọn ò jáde?" ni Àlàájì Bùkárì, akọ̀wé kóòtù àtijọ́, bi Hussainat.

Hussainat jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọlágúnjú ló kọ́kọ́ dé, agbẹjọ́rò ìjọba tó gbé Yàhàyá lọ sí kóòtù. Ó ń tẹ ọ̀pá kọ́-kọ́-kọ́. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó rìn láìsí i.

"Èmi ni mo gbé e," ló wí kó tó jókòó.

"Níbo lẹ gbé e sí, sà?"

"Mo jù ú sínú kànga."

"Kànga wo? Omi ẹ̀rọ là ń lò nílé yìí."

Ó sorí kọ́. "Ẹ sáà kọ ọ́ pé èmi ni. Èmi ni mo na fìlà yẹn sókè ní kóòtù tí mo ń pariwo. Mi ò béèrè bóyá ó tilẹ̀ wọ orí ọkùnrin náà. Kí n sáà ti jàre ni mo ń wá."

Àlàájì Bùkárì wọlé. "Èmi ni. Mo ti sun ún nínú iná ìdáná."

"Bàbá, òjò pa gbogbo igi. A ò tíì rí iná dá láàárọ̀ yìí."

Ojú bàbá rọ̀. "Ìyá mi, iwájú adájọ́ ni akọ̀wé ń jókòó. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn mi ni adájọ́ wà, ẹlẹ́jọ́ ni mo kọjú sí. Màmá ń ka ìdájọ́ lẹ́yìn mi, ojú Yàhàyá ni mo ń wò. Ojú yẹn kò tíì kúrò níwájú mi."

Irú ilé wo nìyí? Ọlọ́pàá tó ti ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ẹni tí yóò jẹ́wọ́, ó wá bọ́ sáàárín àwọn tó ń du ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹni ń du ẹran Iléyá! Àánú wọn ṣe Hussainat. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ọ̀tọ̀, olè ọ̀tọ̀.

Mardiyah ló kẹ́yìn. Òun ni lọ́yà tó gbẹjọ́ Yàhàyá rò.

"Mi ò jẹ̀bi," ló wí.

"Mi ò tíì fẹ̀sùn kàn yín, Mà. Báwo ni fìlà náà ṣe rí?"

"Aláró ni. Wọ́n fi òwú funfun ṣe ọnà sí etí rẹ̀."

"Inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Hussainat dìde. Ó ní kí gbogbo wọn padà sí gbọ̀ngàn.

"Èéfín ni ìwà," ló bẹ̀rẹ̀, "bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, yóò rú. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé síbí. Ó kọjú sí Màmá wọlé, ó sì kọjú sí wọn jáde. Ó fi ẹ̀yìn rìn. Ọlọ́pàá bíi tèmi, bí mo bá ti kí adájọ́ tán, mo yí padà nìyẹn. Àlàájì, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ sí adájọ́. Lọ́yà ló ń tẹríba fún adájọ́, tó sì ń fi ẹ̀yìn rìn jáde. Lọ́yà méjì ló wà níbí. Bó bá jẹ́ ọ̀gá Ọlágúnjú ni, ọ̀pá wọn ìbá ti to ẹrẹ̀ kalẹ̀ lórí táìsì."

Ó yíjú sí Mardiyah. "Ẹ ní kò sí nǹkan kan nínú fìlà. Bó bá jẹ́ ní kóòtù lẹ ti yẹ inú rẹ̀ wò, kí ló dé tí ẹ ò sọ ohun tí ẹ rí? Bí kì í bá sì ṣe ìgbà yẹn, àárọ̀ yìí ni."

Mardiyah fa fìlà aláró yọ lábẹ́ híjáàbù rẹ̀.

"Mo rí i pé Màmá ti sùn," ló wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Síbẹ̀, mo tẹríba."

"Kí ló dé, Mardiyah?" Màmá bi í.

"Yàhàyá sọ fún mi ní àtìmọ́lé, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé fìlà òun kọ́. Ó ní ọmọ òun máa ń rán òwú pupa sínú gbogbo fìlà òun, torí pé tòun àti ti àwọn àbúrò òun máa ń pààrọ̀ ní agbolé. Ó ní, 'Lọ́yà, ẹ bá mi yí i síta lójú adájọ́.' Mo ṣèlérí. Lọ́jọ́ náà, ẹjọ́ mìíràn ni mo ti sáré bọ̀, láti Ìlọrin. Wọ́n bi mí bóyá mo ní ìbéèrè lórí fìlà. Mo ti gbàgbé. Mo ní, 'Kò sí, Milọ́ọ̀dù.' Mo jókòó. Àná tí Màmá sọ̀rọ̀ ọmọ náà, ìtìjú bò mí. Bó bá yí i síta, wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀mí bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì jókòó."

"Èmi ni mo máa ń rán òwú náà."

Wọ́n wẹ̀yìn. Bilqis dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ ọ̀kadà dé orúnkún aṣọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ó gba fìlà, ó yí i síta, ó wò ó yíká. Kò sí òwú pupa.

"Gbogbo yín lẹ wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà," ló wí jẹ́ẹ́. "Kò sẹ́ni tó yí i síta?"

Mardiyah kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Mà. Ìkúnlẹ̀ yín níbí kò dé Òkè-Ọdẹ." Ó fi fìlà náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ ó bá mi lọ. Ẹ ó yí i síta lójú àwọn ará ibẹ̀, ẹ ó sì sọ ohun tí ẹ sọ níbí."

"Èmi náà ń bọ̀," Màmá Sàrátù wí. "Ẹnu mi ni ìdájọ́ ti jáde. Màá tún gba ilé ẹjọ́ lọ, kí wọ́n lè wẹ orúkọ bàbá rẹ mọ́."

"Ọ̀nà kò dára lásìkò òjò yìí," Ọlágúnjú ń ráhùn, ṣùgbọ́n ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Mardiyah fẹ́ lọ gbé báàgì rẹ̀. Ó tẹríba, ó sì fi ẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà. Màmá Sàrátù wà lórí àga, ṣùgbọ́n Bilqis ni ó kọjú sí.